Àtẹ́lẹwọ́ Márùn-ún Lórí Irin Dídán

Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí, eegun màlúù pọ̀ nílé wa ju ṣíbí lọ. Bí ẹ bá yà sí àgbàlá wa ní Múṣin láàárọ̀, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni odó, gbì, gbì, gbì. Ẹ má rò pé iyán ni o. Ta ló fẹ́ gúnyán fún wa láàárọ̀? Èédú àti eegun sísun ni mò ń gún, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá, ihò imú mi dúdú bí ẹnu ààrò. Ẹ máa tún gbọ́ ẹwìrì tí Ẹ̀gbọ́n Làmídì, ọmọṣẹ́ bàbá mi, fi ń fẹ́ná, tó ń mí bí ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Ẹ máa gbọ́ sáńpépà lára irin, ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́. Tí gbogbo ìyẹn bá dákẹ́, ẹ máa gbọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, torí òun kì í dákẹ́ ní tiẹ̀. Wọ́n ní èmi ni mo jogún ẹnu ìyá yẹn. Àwọn oníbàárà mi ní ọjà Ládìpọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọn ò tíì yéé wá rajà lọ́wọ́ mi, ẹ wá sọ fún mi ta ló fara mọ́ ta.

Bàbá mi kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀, ó máa ń dùn ún. Kò rọ ọkọ́, kò rọ àdá. Irin tí ẹlòmíràn ti gé tán ni wọ́n máa ń gbé wá bá a pé kó sọ awọ ẹ̀ di líle, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Amúrinle. Èyí tó pọ̀ jù ni píìnì lọ́ọ̀rì, irin róbótó tó gùn bí ọwọ́ ṣíbí ọbẹ̀, tó máa ń wà nídìí ẹsẹ̀ iwájú, òun ni táyà fi ń rí nǹkan yí lé tí dírẹ́bà bá yí sitíárì. Bàbá á to píìnì sínú àpótí irin, á da lúbúlúbú tí mo gún bò wọ́n mọ́lẹ̀, á fi amọ̀ dí ẹnu àpótí pa, á wá tì í sínú iná láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀. Nínú iná yẹn, irin á máa jẹ èédú wọra díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń jí ẹran mú nínú ìkòkò. Tí wọ́n bá ṣí àpótí, píìnì ti pọ́n ràìràì, wọ́n á fi ẹ̀mú gbé e ju sínú gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì, ṣààà! Èéfín á gba gbogbo ilé, aṣọ tí ará ilé kejì sá á dúdú bíi tiwa. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi sáńpépà dán ara ẹ̀ títí ẹ ó fi rí eyín yín nínú ẹ̀, wọ́n á fi ọ́ìlì pa á, wọ́n á fi bébà wé e. Bàbá máa ń sọ fún oníbàárà tó bá béèrè pé kí ló dé tí kò mú un le dénú: "Tó bá le dénú, ó máa kán sí yín lọ́wọ́ lójú títì. Tí kò bá le rárá, ó máa jẹ tán láàárín oṣù mẹ́ta. Awọ ni mò ń tà fún yín." Èmi tí mo jókòó ti odó á máa wo awọ apá mi, màá máa rò ó pé tí wọ́n bá to èmi náà sínú àpótí yẹn, ẹgba Ìyá Àgbà kò ní í dùn mí mọ́.

Eegun yẹn gan-an ní ìtàn tiẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn alápatà ni a ti ń gbà á, àpò kan ní ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá fẹ́ kó lọ tààrà sínú iná. Ìyá Àgbà ní kò sí eegun tó máa ti ẹnu ọ̀nà wọlé òun kó má gba inú ọbẹ̀ kọjá. Nítorí náà a ó kọ́kọ́ sè é, a ó fi omi ẹ̀ se ẹ̀fọ́, a ó fà á jẹ, a ó fọ́ ọ mu, kó tó wá lọ di èédú. Bàbá á máa kùn pé eegun tó ní ọ̀rá ń mú àpótí òun rú èéfín. Ìyá Àgbà á ní, "Àkànní, irin ẹ ti jẹun ju ọmọ ẹ lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn a máa pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí, torí òótọ́ ni. Èmi kò kọjá páràmárì fáìfù. Mo ti dúró ti irin ju bí mo ṣe dúró ti ìwé lọ.

Ọdún yẹn ni ìyá mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, torí ìyá tiẹ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, egungun ìdí sì kán. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni òun máa lò. Oṣù mẹ́jọ ló lò. Kó má bàa di pé ọwọ́ wọ́n wa nídìí iṣẹ́, ó fi àbúrò ẹ̀ ránṣẹ́, Àǹtí Rẹ̀mí, ọmọ ogún ọdún tó mọ aṣọ rán, tó ga, tí ọrùn ẹ̀ gùn, tí kì í rẹ́rìn-ín tí kò bá rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìyá mi ló gbà: kó nu píìnì, kó fi ọ́ìlì pa á, kó gbé e fún Ìyá Àgbà láti wé. Láàárín oṣù kan, ó ti mọ iná wò. Ó lè dúró lọ́ọ̀ọ́kán kó sọ fún Ẹ̀gbọ́n Làmídì pé àpótí yìí kò tíì pọ́n tó, Làmídì tó ti ṣe fìríìdọ̀mù lọ́dọ̀ Bàbá láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn á ní, "Àǹtí ará oko, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" Òun á ní, "Ojú mi ni. Ìwọ, ṣé etí lo fi ń wo tìẹ?" Mo fẹ́ràn ẹ̀ kú.

Oṣù kejì ni wàhálà dé. Àlàájì Gàníyù, ọ̀gá tó ń ta ẹ̀yà ara lọ́ọ̀rì ní Ládìpọ̀, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbé ìdajì iṣẹ́ wa wá, fi píìnì mẹ́fà ránṣẹ́ padà. A tú bébà. Ibi tó yẹ kó máa dán ti dípẹtà, kì í ṣe káàkiri o, ṣùgbọ́n ní ojú ibì kọ̀ọ̀kan, àmì ìka, ìka èèyàn, pupa, bí ẹni pé ẹnì kan fi epo pupa tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ọ́ìlì. Bàbá tún wọn dán, ó dá wọn padà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mẹ́wàá dé. Lẹ́yìn náà, odidi páálí kan. Nínú ilé wa, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá láti gbọ́ kí ẹnì kan kan géètì. Tí alùpùpù bá dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, odó mi á dúró, ẹwìrì á dúró, a ó máa wo ara wa. Bàbá fi fáìlì fà á wò, fáìlì ń yọ̀ lórí ẹ̀ ni, kò jẹ ẹ́, awọ le dáadáa. Ohun tí kò yé e nìyẹn. Irin tí táyà kò lè jẹ, tí ọ̀nà kò lè jẹ, ìka wá ń jẹ ẹ́.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ la ẹnu. Àwa márùn-ún là ń fọwọ́ kan irin yẹn, ó ní, mẹ́rin wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan kan kò ṣe. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Kò dárúkọ ẹnì kan. Ó kàn ń wo Àǹtí Rẹ̀mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà tí a ń jẹ ẹ̀bà, ó sì fa àwo ọbẹ̀ tiẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ ọmọ náà lè mú un kan. Àǹtí Rẹ̀mí rí i. Ó jẹ òkèlè tó kù lọ́wọ́ ẹ̀, ó dìde, ó lọ fọwọ́. Láti ọjọ́ náà, mo ń rí i tó ń fi ọṣẹ dúdú àti kànhìnkànhìn fọ ọwọ́ ẹ̀ títí awọ ìka ẹ̀ fi ń bó.

Ní ọjọ́rú kan, Bàbá ní kí n bá òun gbé àpò kékeré lọ sí Ládìpọ̀. Àlàájì wà lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́jọ jókòó yí i ká, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti mẹkáníìkì. Kó tó dáhùn ìkíni wa, ó ti nawọ́ mú píìnì kan, ó gbé e sókè.

"Bàbá Amúrinle, ṣé píìnì lẹ̀ ń ṣe fún mi ni, àbí ìka èèyàn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn ọlọ́pàá, pé wọ́n á bá wọn mọ olè tó ni ìka. Mo wo ojú Bàbá. Ẹni tí kò gbóhùn sókè sí mi rí ló bú jáde yìí: "Kì í ṣe èmi! Ogún ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí! Àbúrò ìyàwó mi tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọwọ́ ẹ̀ ni kò dáa, ohun tó bá fọwọ́ kàn ló ń bàjẹ́! Sátidé ló ń padà síbi tó ti wá!" Ó pariwo ẹ̀ débi pé àwọn tó ń ta táyà lódìkejì yíjú wò wá. Àlàájì ní ó dáa, pé tí ó bá ti lọ, kí Bàbá wá, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun mọ ẹlòmíràn.

Ìròyìn kì í wọkọ̀ ní Múṣin, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, síbẹ̀ ó ṣáájú wa délé. Nígbà tí a wọlé, Àǹtí Rẹ̀mí dúró láàárín àgbàlá.

"Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní ẹ sọ ní Ládìpọ̀ pé ohun tí mo bá fọwọ́ kàn ló ń bàjẹ́."

Bàbá ń wo ibi tí iná wà. "Sátidé, wàá lọ sinmi nílé díẹ̀."

"Ẹni tó ń wakọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Ládìpọ̀. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ yẹn ti délé. Ta ló máa jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ ẹ̀ mọ́, kí n rán an? Ta ló máa jẹ́ kí n gbé ọmọ ẹ̀? Ta ló máa fẹ́ mi sílé kí n wá fọwọ́ kan gbogbo nǹkan ẹ̀?"

"Tí ọwọ́ bá dáa, ó dáa," ni Ìyá Àgbà wí láti orí àpótí tó jókòó lé.

"Ó dáa, Màmá. Ẹ jẹ́ ká wò ó nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n Làmídì, wá irin pẹlẹbẹ kan, dán an. Kí gbogbo wa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí irin bá mú, kó máa lọ."

Bàbá ní, "Ẹ dán an," ó wọlé.

Ní Tọ́sìdeè, Làmídì dán irin kan tó fẹ̀ bí àwo ìgbóúnjẹ ńlá. Ó fi kẹrosín nù ún, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí iṣẹ́ kásẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kálukú wá bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe wà, kò sí fífọ. Àǹtí Rẹ̀mí tẹ tiẹ̀ sí igun kan, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lábẹ́ ẹ̀. Làmídì tẹ tiẹ̀. Ìyá Àgbà tẹ tiẹ̀ pẹ̀lú bísímílàì. Nígbà tó kàn mí, àtẹ́lẹwọ́ mi ti tutù rinrin fún ẹ̀rù, torí mo ní ohun kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni: èmi a máa yọ píìnì nínú bébà láti fi ṣe ọmọ, mo ń pọ̀n ọ́n, mo ń fún un lọ́mú. Mo ti gbà nínú ọkàn mi pé èmi ni. Mo tẹ ọwọ́ mi, mo rí i tí ìrì kékeré kù síbẹ̀ lórí irin.

A rò pé ó ti parí. Àfi bí Bàbá ṣe sún mọ́ ọn, tó ká ọwọ́ ẹ̀ sókè, tó tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mọ́ àárín gbùngbùn irin náà. "Kí ẹ lè rí bí ọwọ́ tó mọ́ ṣe ń rí," ó wí. "Ẹ ó fi èyí díwọ̀n tiyín." Èmi tí mo mọ̀wé ni wọ́n ní kí n fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà orúkọ kálukú sí etí irin. Wọ́n ní kí n má kọ nǹkan kan sí ti àárín, torí kò sẹ́ni tí kò mọ ọlọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n gbé irin lé òkúta mẹ́ta nínú bàsíà, wọ́n da omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bàsíà, wọ́n to igi méjì lé ẹnu bàsíà, wọ́n fi àpò tútù bò ó kó má kan irin. Ìyá Àgbà gbé àpótí ìjókòó ẹ̀ tì í. Ó di pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Mo ti ta ọjà ní Ládìpọ̀ ju ogún ọdún lọ báyìí, mo ti dúró de ọkọ̀ ẹrù tó sọnù, mo ti dúró de dókítà tó gbé bébà dání tí kò fẹ́ wò mí lójú. Kò sí èyí tó gùn tó àárọ̀ Fúráìdeè yẹn. Gbogbo ènìyàn ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. N kò lè gún eegun dáadáa. Mo fi ṣíbí jẹ ẹ̀kọ, tí mo sì ń wo ọwọ́ ṣíbí náà bóyá ó ti ń pọ́n, Ìyá Àgbà sì ń wò mí, ó ní, "Kí ló sọnù sínú ṣíbí?" Àǹtí Rẹ̀mí ti di ẹrù ẹ̀ sínú báàgì kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Nígbà kan tí Ìyá Àgbà lọ ṣe àlùwàlá, ó ku èmi nìkan pẹ̀lú bàsíà náà. Ọ́ìlì wà nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo lè fi nu tèmi kíá. Mo tiẹ̀ ti fọwọ́ mú etí àpò. Mo yíjú, mo rí Àǹtí Rẹ̀mí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò mí. Kò pariwo. Ó kàn mi orí, rárá. Mo fi àpò sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, n kò sì lè sọ ìdí ẹ̀ fún un.

Nígbà tí Bàbá ti Jímọ̀ọ̀ dé, pẹ̀lú fìlà funfun lórí, kò tiẹ̀ jókòó. Ó ká àpò kúrò.

Irin náà ti ṣú díẹ̀ káàkiri. Ti Àǹtí Rẹ̀mí, òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni, ẹ ó ní láti tẹrí kí ẹ tó rí i. Ti Làmídì rí bẹ́ẹ̀. Ti Ìyá Àgbà kò tiẹ̀ hàn. Tèmi, tí mo ti ń tìtorí ẹ̀ sunkún, jẹ́ tótòtó kéékèèké bí ìgbà tí òjò bá ta sí eruku. Àmọ́ ti àárín, Ọlọ́run mi, ó pọ́n bí ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Odidi àtẹ́lẹwọ́, ìka márùn-ún, gbogbo ìlà ọwọ́, àti ojú àpá tí iná dá sí àtàǹpàkò Bàbá, tó fi igun wọ́ kọjá láàárín ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni ìpẹtà ti ya sílẹ̀ bí ẹni fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ.

Rédíò ilé kejì ń polówó ọṣẹ lọ.

"Àárín ni omi pọ̀ sí," ni Ìyá Àgbà wí kíákíá.

"Màmá, omi kò kàn án," ni Làmídì fèsì, ohùn ẹ̀ kéré.

Bàbá lọ mú ọ̀kan nínú píìnì tí Àlàájì dá padà, ó yí i síbi oòrùn, ó wá ojú ibi tó dípẹtà jù, ó gbé àtàǹpàkò ẹ̀ lé e. Igun àpá náà bọ́ sórí igun tó wà nínú ìpẹtà. Ó gbé òmíràn. Ó tún bọ́ síbẹ̀. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí amọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí ó gbà mí lọ́dún púpọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ẹlòmíràn wà tí òógùn ẹ̀ ní iyọ̀ lágbára ju ti ẹlòmíràn lọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kò sí àjẹ́ níbẹ̀, irin kàn kì í fẹ́ràn ẹ̀ ni. Bàbá ló máa ń fọwọ́ yẹ píìnì wò kẹ́yìn. Tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ìyá mi á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á tún fi àkísà kẹrosín nù ún kó tó fi ọ́ìlì pa á. Bàbá a máa bínú pé ó ń fi kẹrosín ṣòfò. Nígbà tí Àǹtí Rẹ̀mí dé, Bàbá ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ kìíní: ohun tí òun bá ti fọwọ́ yẹ̀ wò, kò gbọdọ̀ nù ún mọ́. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi ìyá mi bóyá ó mọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ọdún kẹta tí mo wọlé ni mo ti mọ̀. Kí n wá sọ fún Amúrinle pé ọwọ́ ẹ̀ ń ba irin jẹ́? Ṣé èmi ni mo fẹ́ gbọ́ ariwo ẹ̀? Mo ń nù ún, ó ń bínú, irin ń dán, àwa méjèèjì ń sùn." Ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ dìde. Ó fà mí lápá. "Jọkẹ́, lọ mú sáńpépà wá. Wẹ́rẹ́. Kí wọ́n fi ha nǹkan yìí kúrò." Ó yíjú sí Àǹtí Rẹ̀mí, ohùn ẹ̀ ti rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. "Ọmọ mi, tú ẹrù ẹ. Kò síbi tí o ń lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, inú ilé ló máa kú sí."

"Màmá, kò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé," ni Àǹtí Rẹ̀mí wí.

"O fẹ́ kí ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ di ẹ̀sín?"

"Èmi náà ti di í láti ọjọ́rú." Kò gbóhùn sókè. Ó gbé báàgì ẹ̀ kọ́ apá. "Bọ̀dá, ibi tí ẹ ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti lọ kó o. Tí ẹ kò bá lọ, màá wọkọ̀ lọ́la, màá sì fi ọwọ́ mi yìí bá èyí tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ jà. Àmọ́ n kò ní í fi nu irin yín mọ́ láé."

Mo dúró pẹ̀lú sáńpépà lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ní kí n gbé e wá, Àǹtí Rẹ̀mí kò wò mí rárá. Bàbá ń wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Tí a bá ha irin yẹn, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sì sí Àlàájì, kò sí ìdajì iṣẹ́ wa, ìyẹn náà, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Bàbá jókòó pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí níbi tí mo dúró sí. Nígbà tó wá dìde, ó tún fìlà ẹ̀ ṣe.

"Jọkẹ́, ju nǹkan yẹn sílẹ̀. Gbé irin náà. Fi àpò dì í mú, má fọwọ́ kàn án."

Àwa mẹ́ta la rìn lọ sí Ládìpọ̀ nínú oòrùn, Bàbá níwájú, èmi àti irin láàárín, Àǹtí Rẹ̀mí lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì ẹ̀. Apá mi ń já, n kò jẹ́ sọ. Àlàájì wà lórí àga ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, bí ẹni pé wọn ò lọ sílé láti ọjọ́rú.

"Áà, Bàbá Amúrinle! Ṣé ẹ ti dá ọlọ́wọ́ ìpẹtà padà?" Ó wá rí Àǹtí Rẹ̀mí, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ tún mú un wá sọ́dọ̀ mi?"

Bàbá gba irin lọ́wọ́ mi, ó gbé e kalẹ̀ lórí káńtà. Ó tẹ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lé ti àárín. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó sọ ohun kan, ètè ẹ̀ ni mo rí, n kò gbọ́ ohùn.

"Kí lẹ wí?" ni Àlàájì bi í.

"Mo ní ọwọ́ mi ni."

Àǹtí Rẹ̀mí wà lẹ́yìn wa. "Bọ̀dá, lọ́jọ́rú, àwọn alátáyà gbọ́ yín."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Bàbá, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Bàbá yíjú sí ojú ọ̀nà. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ tó rin fún òógùn, òógùn tó lè ba gbogbo ọjà yẹn jẹ́. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

"Ọwọ́ tèmi ni! Tèmi, Amúrinle! Kì í ṣe ọmọ yìí! Mo parọ́ mọ́ ọn níbí!"

Alátáyà kan lódìkejì tiẹ̀ dáhùn pé, "A ti gbọ́ o, bàbá!" Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu, mo rò pé Àlàájì máa lé wa. Àlàájì wo irin, ó wo ọwọ́, ó wo irin. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sábẹ́ káńtà, ó mú píìnì tuntun kan jáde, dúdú, ó ń dán, ó nà án sí Bàbá bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún gbọọrọ.

"Ẹ bá mi yẹ èyí wò."

Ọwọ́ Bàbá ti jáde. Mo rí i tó dúró lójú afẹ́fẹ́, ìka ẹ̀ ti ká, ó ku díẹ̀ kó kan irin. Ó fà á padà. Ó kó méjèèjì sẹ́yìn, ó dì wọ́n mú síbẹ̀.

"Ẹ gbé e fún Rẹ̀mí."

Àǹtí Rẹ̀mí gbé báàgì ẹ̀ kalẹ̀. Ó fi etí gèlè ẹ̀ gba píìnì náà, ó yí i síbi oòrùn, ó béèrè fáìlì. Mẹkáníìkì kan fún un ní tiẹ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré, fáìlì náà gé e, ìyẹ̀fun irin bọ́ sórí káńtà.

"Awọ ẹ̀ kò le," ó wí. "Wọ́n kàn kùn ún ní dúdú ni. Ta ló ṣe èyí fún yín, Àlàájì?"

Ojú Bàbá ni Àlàájì ń wò.

"Ṣebí ẹ gbọ́ ohun tó sọ," ni Bàbá mi wí.